Oṣù Ẹrẹ́nà Àwọn Ọmọ Gíríìsì ní Ontario: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Àjogúnbá tí Ìjọba Fọwọ́ Sí

Ní ọdún 2019, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Ontario ní orílẹ̀-èdè Kánádà fọwọ́ sí òfin kan tó kéde pé, láti ọdún dé ọdún, oṣù Ẹrẹ́nà, tí í ṣe oṣù kẹta, yóò máa jẹ́ oṣù àjogúnbá àwọn Hélénì ní ìpínlẹ̀ náà. Effie Triantafilopoulos, aṣòfin tó ń ṣojú ẹkùn ìdìbò Oakville North—Burlington, ló gbé àbá òfin ọ̀hún síwájú ilé. Hélénì ni orúkọ tí àwọn tí ayé ń pè ní Gíríìkì máa ń pe ara wọn. Àjogúnbá tí òfin náà sì ń tọ́ka sí ni èdè, ẹ̀sìn, oúnjẹ, ijó, orúkọ àti ìtàn tí àwọn aṣíkiri gbé dání nígbà tí wọ́n kúrò nílé, tí wọn kò sì jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ wọn ní ilẹ̀ àjèjì. Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ yẹ̀ wò ni ohun tí ìjọba ń ṣe ní ti gidi nígbà tó bá ya odindi oṣù kan sọ́tọ̀ báyìí fún àwọn ènìyàn kan, nítorí pé àwọn kan gbà pé ẹ̀bùn ni, àwọn mìíràn sì gbà pé ọ̀rọ̀ dídùn lásán ni, èrò méjèèjì kò sì fi ibi tí agbára irú òfin bẹ́ẹ̀ wà hàn.

Ọ̀nà tí irú òfin yìí ń gbà wáyé ni ó yẹ kó ṣáájú. Àbá òfin tí aṣòfin kan dá gbé wá ní orúkọ ara rẹ̀ ni, láìjẹ́ pé ó jẹ́ mínísítà tàbí pé ìjọba rán an. Nínú ìlànà ilé aṣòfin tí Kánádà jogún lọ́wọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú aṣòfin bẹ́ẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá àbá tí yóò mú kí ìjọba náwó, nítorí pé mínísítà nìkan ni ìlànà gbà láyè láti béèrè owó nínú àpò ìlú. Ìdí nìyí tí òfin oṣù àjogúnbá kì í fi í ní kọ́bọ̀ nínú. Kò sọ ọjọ́ kankan di ọjọ́ ìsinmi, ilé ẹ̀kọ́ ń ṣí, ilé ìfowópamọ́ ń ṣí, ẹni tí kò bá sì fẹ́ mọ̀ pé oṣù náà wà kò rú òfin kankan. Bí wọ́n bá yọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú tó ń ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi ṣe òfin náà kúrò, gbólóhùn kan péré ló kù tó ń kéde, ìkéde náà kò sì di ẹrù lé ẹnikẹ́ni lórí. Ẹni tó bá fi owó tàbí àṣẹ wọn ìwúlò òfin yóò sọ pé òfo ni èyí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn wà tí òfin máa ń ṣe, èyí tí àwọn Yorùbá mọ̀ dáadáa láti inú bí wọ́n ṣe ń yanjú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ oyè, ìyẹn ni ẹ̀rí jíjẹ́. Ìjọba dìde, ó ní òun mọ àwọn wọ̀nyí, òun mọ ìgbà tí wọ́n dé, òun sì mọ ohun tí wọ́n ṣe ní ìlú. Ẹlẹ́rìí kò fún ẹni tó jẹ́rìí fún ní ilẹ̀, ṣùgbọ́n láìsí ẹ̀rí rẹ̀, ẹnikẹ́ni lè jí lọ́la kó ní àjèjì ni onílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì jẹ́ pé ẹlẹ́rìí tó sọ ìdajì ohun tí ojú rẹ̀ rí, tó sì gbé ìdajì mì, ti ba ẹjọ́ náà jẹ́.

Àwọn Gíríìkì kọ́ ni ó kọ́kọ́ gba irú ẹ̀rí yìí ní Kánádà. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni ìlànà tí olórí ìjọba ìgbà náà, Pierre Trudeau, kéde ní ọdún 1971, pé orílẹ̀-èdè náà kò ní àṣà kan ṣoṣo tó ga ju àwọn yòókù lọ, èyí tí wọ́n wá sọ di odindi òfin ní ọdún 1988. Àwọn aláwọ̀ dúdú ló la ọ̀nà oṣù yíyà sọ́tọ̀ kalẹ̀: ní ìparí ọdún 1995, ilé àwọn aṣojú-ṣòfin ti ìjọba àpapọ̀ gba àbá tí Jean Augustine gbé wá, pé kí oṣù Èrèlè di oṣù ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú jákèjádò Kánádà. Láti ìgbà náà ni Ontario ti ń fi òfin kan tẹ̀lé òmíràn, tí àwọn Potogí, àwọn Ítálì, àwọn Júù, àwọn Síìkì, àwọn Tàmílì àti àwọn tó ń sọ èdè Sípéènì fi rí oṣù tiwọn gbà, títí ọ̀pọ̀ oṣù inú ọdún fi ní onílé, tí oṣù kan sì ń ní ju onílé kan lọ. Àwọn tó ń ṣàríwísí sọ pé ìgbà tí gbogbo ènìyàn bá ti ní oṣù, oṣù kò jámọ́ nǹkankan mọ́. Àríwísí náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó fojú fo òtítọ́ kan dá: ohun tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń mú wá síwájú ẹlẹ́rìí yàtọ̀ síra, ohun tí àwọn Gíríìkì sì mú wá kò rí bí ti ẹnikẹ́ni.

Oṣù Ẹrẹ́nà tí wọ́n mú kò ṣèèṣì bọ́ sí i. Ní ọjọ́ 25 oṣù náà ni àwọn Gíríìkì ń rántí ogun òmìnira tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1821 láti jàjàbọ́ lọ́wọ́ ìjọba Ottoman, ìyẹn ìjọba àwọn Tọ́ọ̀kì tó ti ń ṣàkóso ilẹ̀ wọn láti bíi irinwó ọdún sẹ́yìn, ọdún 1838 sì ni ìjọba Gíríìsì tuntun sọ ọjọ́ náà di ọjọ́ àjọ̀dún orílẹ̀-èdè. Ọjọ́ kan náà yìí ni ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì, tí í ṣe ìjọ Kristẹni àtayébáyé tí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn Gíríìkì wà nínú rẹ̀, ń ṣe àjọ̀dún ìròyìn ayọ̀ tí áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì mú tọ Màríà wá. Ìjọba àti ìsìn pàdé ní ọjọ́ kan, oúnjẹ ọjọ́ náà sì fi hàn bẹ́ẹ̀. Inú àwẹ̀ Lẹ́ntì ni ọjọ́ náà máa ń bọ́ sí, àwẹ̀ tí àwọn Ọ́tódọ́ọ̀sì kì í fi í fẹnu kan ẹran, ẹyin, wàrà tàbí ẹja, ṣùgbọ́n nítorí Màríà, ìjọ gbà wọ́n láyè láti jẹ ẹja ní ọjọ́ kan yìí. Àwọn ará orí òkè tó jìnnà sí òkun kò rí ẹja tútù rà, wọ́n sì máa ń lo ẹja oníyọ̀ tí wọ́n sá gbẹ, mọ̀lẹ́bí pánla tí àwọn Yorùbá fi ń se ọbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní bakaliáros. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi di ọjọ́ kejì, wọ́n á máa da omi iyọ̀ nù, wọ́n á máa bu omíràn sí i, títí iyọ̀ rẹ̀ yóò fi wọ̀n. Wọ́n á yí i sínú ìyẹ̀fun pípò, wọ́n á dín in, wọ́n á sì fi skordaliá, ìyẹn aáyù tí wọ́n gún mọ́ ànàmọ́ òyìnbó àti òróró ólífì, jẹ ẹ́. Nínú ilé àwọn Gíríìkì tó wà ní Toronto, òórùn aáyù àti ẹja díndín yìí ló ń sọ fún ọmọ pé ọjọ́ náà ti pé, kó tó di pé ẹnikẹ́ni mú àsíá jáde.

Àsíá náà ń jáde pẹ̀lú. Ní òpópónà Danforth ní ìlà-oòrùn Toronto, níbi tí orúkọ àwọn òpópónà ti wà lára pátákó ní lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì àti ní lẹ́tà Gíríìkì, àwọn ọmọ ilé ìwé ń tò kọjá nínú òtútù oṣù Ẹrẹ́nà, àwọn ọmọkùnrin kan sì ń wọ foustanélla, yẹ̀rì funfun ti àwọn jagunjagun ọdún 1821, tí àṣà sọ pé ó gbọ́dọ̀ ní 400 ìṣẹ́po, ìkọ̀ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi wà lábẹ́ àwọn Tọ́ọ̀kì. Ìyá tó bá lọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ àṣekára ni ìtàn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tí òfin náà lò tún gba àlàyé, nítorí pé orúkọ kì í ṣe ohun kékeré fún ẹni tó wà ní ìdálẹ̀. Láti inú èdè Látìn tí àwọn ará Róòmù ń sọ ni ọ̀rọ̀ náà, Gíríìkì, ti wá. Àwọn tó ni ilẹ̀ ń pe ara wọn ní Éllines, wọ́n sì ń pe ilẹ̀ wọn ní Elláda. Síbẹ̀, àwọn pàápàá kò fi gbogbo ìgbà jẹ́ orúkọ yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn tí wọ́n di Kristẹni, ẹni tó ń bọ òrìṣà ni wọ́n ń pè ní Hélénì, wọ́n sì ń pe ara wọn ní ará Róòmù, nítorí pé ọmọ abẹ́ ìjọba Róòmù tó fi ìlú Constantinople ṣe olú ìlú ni wọ́n jẹ́. Ní sáà tí wọ́n ń múra ogun òmìnira ni orúkọ àtijọ́ náà padà di ti gbogbogbòò. Kò yẹ kí èyí ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu, nítorí pé ṣáájú ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ni àwọn ènìyàn ń pe ara wọn, orúkọ tí àwọn ará òkè ọya fi ń pe Ọ̀yọ́ ló sì wá di ti gbogbo wọn, nígbà tí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà ń jẹ́ Lukumí, tí àwọn ti Bràsíìlì sì ń jẹ́ Nàgó. Orúkọ Hélénì tí òfin Ontario lò gba àwọn tí orírun wọn kò sí ní Gíríìsì gan-an mọ́ra: àwọn ọmọ erékùṣù Sáípírọ́ọ̀sì, tí A. G. Leventis, ẹni tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní Èkó, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àwọn tí ìdílé wọn ti wà ní Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì tipẹ́, tí wọ́n sì kúrò níbẹ̀ nígbà ìjọba Nasser. Àti àwọn tí wọ́n lé kúrò ní ilẹ̀ tó wá di Tọ́kì.

Ibi tí ẹ̀rí ìjọba ti wúwo jù lọ ni ìtàn bí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣe dé Toronto àti ohun tí ìlú náà fi ojú wọn rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn ọ̀dọ́kùnrin láti àwọn abúlé Gíríìsì tí ilẹ̀ wọn kò mú oúnjẹ jáde tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Kánádà, ọ̀pọ̀ wọn láìmọ èdè Gẹ̀ẹ́sì kankan. Wọ́n ń kun bàtà, wọ́n ń ta èso àti súìtì, wọ́n ń fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ, wọ́n ń tọ́jú owó; bí ẹnì kan bá ti rí ilé oúnjẹ tirẹ̀ ṣí, a ránṣẹ́ pe àbúrò, a ránṣẹ́ pe ọmọ ẹ̀gbọ́n, ẹni tó dé náà a sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi abọ́ fífọ̀. Ilé oúnjẹ wọ inú ìgbésí ayé wọn báyìí nítorí pé òwò tí kò béèrè ìwé ẹ̀rí ni, kò béèrè èdè púpọ̀, gbogbo ẹbí sì lè ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ láti kùtùkùtù di òru. Nígbà tó fi máa di ọdún 1918, àwọn ilé oúnjẹ Gíríìkì ti tò sí òpópónà Yonge, òpópónà tó gba àárín Toronto kọjá, àwọn ará ìlú sì ń jẹun níbẹ̀ lójoojúmọ́.

Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, àwọn ọmọ Kánádà sì ń kú ní ilẹ̀ Faransé. Fún ọdún mélòó kan, Gíríìsì kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú ogun náà, nítorí pé Ọba Constantine, tó fẹ́ Sophia, arábìnrin ọba Jámánì, kò fẹ́ bá Jámánì jà, nígbà tí Eleftherios Venizelos, olórí ìjọba rẹ̀, fẹ́ dúró ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé. Ìjà àwọn méjèèjì pín ilẹ̀ Gíríìsì sí méjì. Ní ọdún 1917, ọba fi ìtẹ́ sílẹ̀, Gíríìsì sì wọ ogun lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí Kánádà ń jà fún. Ọ̀rọ̀ náà ti yanjú, ó sì ti lé ní ọdún kan tó ti yanjú, kó tó di pé ohun tí a fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìgboro Toronto, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn Gíríìkì jókòó sílé wọ́n ń kó owó jọ, àwọn ọmọ onílẹ̀ sì ń padà bọ̀ láìlẹ́sẹ̀, láìlápá, tí wọn kò rí iṣẹ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ 1 oṣù Ògún, tí í ṣe oṣù kẹjọ ọdún 1918, sójà kan tó ti fara gbọgbẹ́ lójú ogun bá agbáwo Gíríìkì kan jà ní White City Café lórí Yonge, wọ́n sì ti sójà náà jáde. Ìròyìn náà ń gbòòrò sí i bó ṣe ń ti ẹnu dé ẹnu. Lọ́jọ́ kejì, àwọn sójà tó ti ojú ogun bọ̀ kó ara wọn jọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn tẹ̀lé wọn, wọ́n sì ya bo àwọn ilé oúnjẹ Gíríìkì lọ́kọ̀ọ̀kan: wọ́n fọ́ gíláàsì ojú fèrèsé, wọ́n wọ tábìlì àti àga jáde sí ìgboro, wọ́n fọ́ abọ́, wọ́n kó owó inú àpótí àti ọjà orí pẹpẹ. Àwọn ọlọ́pàá wà níbẹ̀ ní alẹ́ náà, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe láti dá wọn dúró kéré. Nígbà tí wọ́n wá gbé ọ̀pá ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti kún ojú pópó, ìjà ọlọ́pàá àti àwọn ará ìlú sì mú kí ọ̀pọ̀ fara pa; olórí ìlú, Tommy Church, ní láti ké sí àwọn ológun kí ìlú tó rọ̀. Ọjọ́ 5 oṣù náà ni rògbòdìyàn parí. Ó lé ní ogún ilé oúnjẹ àti ṣọ́ọ̀bù Gíríìkì tó bà jẹ́, wọ́n sì fojú bù ú pé nǹkan tó ṣòfò tó bíi dọ́là 100,000 ní owó ìgbà náà. Ẹni tó bá ti fi ọdún mẹ́wàá fọ abọ́ kó tó ní ilé oúnjẹ tirẹ̀ nìkan ló mọ ohun tí fèrèsé gíláàsì kan túmọ̀ sí. Fèrèsé náà ni ojú òwò rẹ̀, ara rẹ̀ ni wọ́n kọ orúkọ ilé oúnjẹ sí pẹ̀lú ọ̀dà wúrà, òru ọjọ́ kan sì ni ó di èérún lábẹ́ bàtà àwọn oníbàárà rẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìtàn yìí kò sí nínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ilé ìwé ní Ontario, àwọn tí ó ṣẹlẹ̀ sí pàápàá kò sì sọ ọ́ fún ọmọ wọn. Ìdákẹ́jẹ́ àwọn aṣíkiri yìí kò ṣàjèjì. Ẹni tó fẹ́ kí ọmọ òun di ọmọ ìlú kì í fẹ́ kí ọmọ náà mọ̀ pé ìlú ti lé òun rí. Ó máa ń yí orúkọ rẹ̀ padà sí ti Gẹ̀ẹ́sì, ó máa ń kọ orúkọ tí kò ní ilẹ̀ Gíríìsì nínú sára ilé oúnjẹ rẹ̀, ó sì máa ń sọ fún ọmọ pé ìlú yìí ṣe é dáadáa. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ló padà hú ìtàn náà jáde ní ọ̀rúndún tiwa yìí, pẹ̀lú ìwé àti fíìmù tó sọ ọ́ ní gbangba. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ kan náà bá wá dìde ní ọdún 2019, tó ní òun mọ àwọn Gíríìkì, ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ní iyì ni pé ìgbà kan wà tí àwọn aláṣẹ wo wọ́n níran. Ọpẹ́ fún oúnjẹ aládùn àti ijó nìkan kò gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

Ìgbì àwọn aṣíkiri tó pọ̀ jù dé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn ọmọ ogun Jámánì ti gba Gíríìsì, ìyàn ńlá ti pa àwọn ènìyàn ní ìgboro Átẹ́ńsì ní ìgbà òtútù ọdún 1941 sí 1942, ogun abẹ́lé sì tẹ̀ lé e láti ọdún 1946 sí 1949, débi pé abúlé púpọ̀ kò ní ọkùnrin tó lè roko mọ́. Láàrin ọdún 1945 sí 1971, ó lé ní 100,000 Gíríìkì tó wọ Kánádà. Àwọn obìnrin wà lára àwọn tó ṣáájú, ìjọba Kánádà sì mú ọ̀pọ̀ nínú wọn wá gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀: ọ̀dọ́mọbìnrin láti abúlé yóò ṣiṣẹ́ ilé onílé títí àdéhùn rẹ̀ yóò fi pé, lẹ́yìn náà ni yóò wá ọ̀nà láti mú àwọn arákùnrin rẹ̀ àti ẹni tí yóò fẹ́ ẹ wá. Ìtàn àwọn obìnrin yìí ni wọ́n sábà máa ń fò nínú ọ̀rọ̀ ìyìn oṣù Ẹrẹ́nà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn ni wọ́n kọ́ afárá tí ọ̀pọ̀ ìdílé gbà kọjá.

Àwọn aṣíkiri wọ̀nyí tẹ̀dó sí Danforth nítorí pé ilé ibẹ̀ kò wọ́n, pàápàá lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ dé ibẹ̀ ní ọdún 1966. Níbẹ̀ ni wọ́n ti dá paroikía sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí àwùjọ àwọn tó jọ ń gbé ní ìdálẹ̀, pẹ̀lú kafeneío, ilé kọfí tí àwọn ọkùnrin ti ń ta ayò, tí wọ́n ń jiyàn òṣèlú, tí wọ́n sì ń béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá ní. Ọ̀rọ̀ kan tí kò ṣeé yọ nínú èdè wọn ni xenitiá, tó kó ìdálẹ̀ àti àárò ilé pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tó sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé ti sọ ìdajì rẹ̀, nítorí pé nínú xenitiá, onílé mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí òun má relé mọ́. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní Gíríìsì láti ọdún 1967 sí 1974, Toronto di ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n ti ń gbógun tì wọ́n. Andreas Papandreou, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, tí àwọn ológun ti tì mọ́lé kó tó lọ sí ìgbèkùn, ń kọ́ni ní Yunifásítì York ní ìlú náà láti ọdún 1969 títí ìjọba ológun fi wó. Ní ọdún 1981, ó di olórí ìjọba Gíríìsì. Nítorí náà, bí àwọn aṣòfin Ontario bá ń sọ pé Gíríìsì ni ìjọba tiwa-n-tiwa ti ṣẹ̀, ó yẹ kí wọ́n tún rántí pé ní ìgbà kan, inú ilé kọfí Danforth ni díẹ̀ nínú rẹ̀ sá sí.

Ewu tó ń bá oṣù àjogúnbá yìí rìn wà níbí. Ìtàn Gíríìsì àtijọ́ tóbi débi pé ó lè bo àwọn aṣíkiri mọ́lẹ̀. Ère Alẹkisáńdà Ńlá dúró lórí Danforth, ó sì rọrùn fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbi ayẹyẹ láti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Alẹkisáńdà àti Sókírátísì, kó sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Gíríìsì àtijọ́ ti di ti gbogbo ayé. Ọlá Rótìmí mú ìtàn Ídípọ́ọ̀sì tí Sophocles kọ, ó gbé e sí ilẹ̀ Yorùbá nínú The Gods Are Not to Blame tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1968, àwọn òǹwòran kò sì rí i bí ìtàn àlejò. Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan náà fi eré Euripides lórí àwọn obìnrin Tírọ́ì sọ̀rọ̀ ìparun Òwu nínú Women of Owu. Ohun tí ọmọ Yorùbá lè mú kó sì lò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí àwọn Gíríìkì Ontario nìkan ní. Ohun tó jẹ́ tiwọn nìkan ni iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó dé pẹ̀lú àpótí kan ṣoṣo.

Sam Panopoulos jẹ́ àpẹẹrẹ irú wọn. Wọ́n bí i ní abúlé kan ní Gíríìsì ní ọdún 1934, ó wọ Kánádà ní ọdún 1954, òun àti àwọn arákùnrin rẹ̀ sì ṣí ilé oúnjẹ kan tó ń jẹ́ Satellite ní ìlú Chatham ní Ontario. Píṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìlú náà nígbà yẹn, àwọn ará ibẹ̀ kò sì mọ ohun tó yẹ kó wà lórí rẹ̀. Ní ọdún 1962, Panopoulos ṣí agolo ọ̀pẹ̀ òyìnbó kan, ó tò ó sórí píṣà pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti wàràkàṣì láti wò ó bóyá yóò dùn, ó sì pè é ní orúkọ tó wà lára agolo náà, Hawaii. Lónìí, gbogbo ayé mọ oúnjẹ náà, wọ́n ń jiyàn lé e lórí, ọ̀pọ̀ wọn sì rò pé Hawaii tàbí Ítálì ló ti wá. Ọkùnrin Gíríìkì kan tó ń wá bí àwọn oníbàárà Ontario yóò ṣe padà wá lọ́la ló ṣe é, àjogúnbá Hélénì sì ni ní tòótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ tó ti Gíríìsì wá.

Ilé ìsìn St. George lórí òpópónà Bond sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú òkúta. Sínágọ́gù ni tẹ́lẹ̀, àwọn Júù ìjọ Holy Blossom ló kọ́ ọ, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 1897. Nígbà tí ìjọ wọn kó lọ sí ibòmíràn ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà, àwọn Gíríìkì rà á, wọ́n fi àwòrán àwọn ẹni mímọ́ wọn kún un. Ẹni tó bá gbójú sókè síbẹ̀ yóò rí òrùlé olóbìrìkìtì tí aṣíkiri kan kọ́, tí aṣíkiri mìíràn ń gbàdúrà lábẹ́ rẹ̀.

Ètò ìkànìyàn Kánádà ti ọdún 2016 rí àwọn tó lé díẹ̀ ní 271,000 tí wọ́n sọ pé ìdílé àwọn ti Gíríìsì wá. Ti ọdún 2021 rí ohun tó lé díẹ̀ ní 262,000. Ìwọ̀nba ènìyàn ló ń dé láti Gíríìsì báyìí, àwọn tó dé ní ọdún 1955 ń kú lọ, ilé oúnjẹ Danforth sì ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn nítorí pé àwọn ọmọ tí wọ́n fi owó abọ́ fífọ̀ rán ní yunifásítì di agbẹjọ́rò àti dókítà, ohun tí bàbá wọn sì gbàdúrà fún nìyẹn. Ilé ìwé ọjọ́ Sátidé, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní èdè Gíríìkì, ṣì ń ṣí, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń lọ síbẹ̀ ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé. Òfin oṣù Ẹrẹ́nà kò lè dá èyí padà. Ohun tó lè ṣe ni kó fún olùkọ́ ní ìdí tí yóò fi gbé ìtàn Ontario fúnra rẹ̀ síwájú ọmọ, kó jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé ohun tí òun ń kọ́ ní Sátidé àti ohun tí òun ń kọ́ ní ọjọ́ Mọ́ńdè jẹ́ ìtàn ìlú kan náà.

Afárá ńlá tó so Danforth mọ́ àárín Toronto lórí àfonífojì odò Don ni wọ́n ṣí ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1918, oṣù méjì péré lẹ́yìn tí wọ́n gbá èérún gíláàsì kúrò lórí Yonge. Ìhà ìlà-oòrùn afárá yìí ni àwọn ọmọ tó wọ foustanélla ti ń yan, níbi tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ wọ́n. Láti ibùdókọ̀ Broadview tó wà lẹ́bàá afárá, ibùdókọ̀ méjì péré ni ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ń dé kó tó kan Yonge. Bí ìjọba tó fọwọ́ sí oṣù náà àti àwọn àgbà paroikía bá lè fohùn ṣọ̀kan, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ náà kọjá lórí afárá ní ọdún kan, pẹ̀lú àsíá àti ìlù wọn, kí wọ́n sì dúró níwájú ibi tí White City Café wà rí, kí olùkọ́ kan ka orúkọ àwọn ilé oúnjẹ tí wọ́n fọ́ ní èdè méjèèjì.